Ìlú Àgbẹ̀ Wo Ló Yẹ Yín? Ìfiwéra Ìgbó-Ọrà, Iṣẹ́yìn, Ìdànrè, Ìkọ́gọ̀sì àti Ọ̀fàdà

Oṣù Agẹmọ ni mo kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sí Èkìtì torí iyán, iṣu tuntun ni mo sì bá lọ́jà. Ìyá olóúnjẹ tó gún un fún mi kò fi ọ̀rọ̀ bò: ó ní omi ṣì pọ̀ lára iṣu náà, àti pé bí mo bá fẹ́ iyán tó fà, tó sì dán, kí n padà wá nígbà tí iṣu bá ti pẹ́ nínú abà, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti fà á lómi. Mo jẹ iyán ọjọ́ náà bó ṣe kún fún kókó tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo gbé bọ̀ wálé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìlú àgbẹ̀ wo ló dára jù láti lọ jẹun kí èèyàn sì rí àṣà, oṣù tó fẹ́ lọ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó bá wà lóko lóṣù yẹn náà ni yóò wà nínú àwo.

Ìlú márùn-ún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Gbogbo wọn wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, mo sì yàn wọ́n nítorí pé ohun tí àlejò lè bá níbẹ̀ yàtọ̀ síra gidigidi.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Oúnjẹ ni mo fi ṣáájú: kí ni ìlú náà ń sè tí ẹ kò lè rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó, oṣù wo ló sì dùn jù? Èkejì ni àṣà tí a lè bá lójú iṣẹ́, ìyẹn ohun tí àwọn ará ìlú ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe yálà àlejò wá tàbí kò wá, nítorí pé àṣà tí wọ́n bá torí àlejò nìkan gbé jáde kì í pẹ́ sú ni. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà, owó àti ibi ìsùn. Ẹ̀kẹrin ni agbára tí ìrìn àjò náà yóò gbà lára, torí pé ìlú tó dùn mọ́ ọ̀dọ́ lè jẹ́ ìyà fún ìyá àgbà.

N kò ní kọ iye owó ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí pé bẹntiróòlù kì í jẹ́ kí irú iye bẹ́ẹ̀ pé oṣù méjì kó tó yí padà. Èyí tó wọ́n ju èkejì lọ nìkan ni mo máa sọ, láti Èkó tàbí Ìbàdàn ni mo sì ti ń ka ọ̀nà. Ní ti ààbò, ọ̀nà Ìbàràpá, níbi tí Ìgbó-Ọrà wà, àti ti Òkè-Ògùn, níbi tí Iṣẹ́yìn wà, ti rí ìjínigbé àti ìkọlù, pàápàá jù lọ ní ọdún 2021 tí wọ́n kọ lu Ìgàngán. Ojúmọmọ ni kí ẹ rìn ní gbogbo ìhà wọ̀nyí, kí ẹ sì béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra gan-an, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó kan ìlú márààrún. Ọjà ìlú àgbẹ̀ kì í sábà kún lójoojúmọ́. Ọrọọrún ni ọ̀pọ̀ wọn ń ná, bí a bá ka ọjọ́ ọjà gan-an mọ́ ọn. Ẹ wá ẹni tó mọ ọjọ́ ọjà kí ẹ tó mú ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹni tó bá dé ní ọjọ́ kejì ọjà yóò bá ìsọ̀ òfìfo, yóò sì padà sílé láti máa sọ fún àwọn èèyàn pé ìlú náà kò ní nǹkan kan.

Ìgbó-Ọrà: ìlasa, láfún àti ìbejì

Ìgbó-Ọrà jẹ́ ọ̀kan lára Ìbàràpá méje, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn yòókù ni Ìdèrè, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Ìbejì ló gbé orúkọ rẹ̀ ká ayé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1972 sí 1982 ka nǹkan bí ìbejì 45 sí 50 nínú ìbí 1,000 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, Ìgbó-Ọrà sì ni gbogbo ènìyàn máa ń nawọ́ sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá béèrè ìdí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ní ọbẹ̀ ìlasa ni. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò tíì rí ẹ̀rí tó fi ìdí èyí múlẹ̀. Èmi kò lọ síbẹ̀ láti wá ìbejì, nítorí náà n kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọbẹ̀ náà dùn.

Ewé ilá ni ìlasa. Ewé tí kò tíì le ni wọ́n ń já, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú irú àti káún díẹ̀, yóò sì máa yọ̀ bí ewédú, àfi pé ó ní ara jù ú lọ. Àmàlà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, bí ó bá sì jẹ́ àmàlà láfún, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí tó fi rọ̀, tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀, ni láfún. Àmàlà rẹ̀ funfun, ó sì ní òórùn kíkan díẹ̀ tó máa ń lé ẹlòmíràn sá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹni náà kò ní rántí pé òun sá.

Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì ńlá ní ìlú náà lóṣù Ọ̀wàrà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbejì rẹpẹtẹ nínú aṣọ kan náà, tó sì fẹ́ ya fọ́tò, ọjọ́ náà ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jẹ ìlasa, kí ó yẹra fún ọjọ́ náà, nítorí èrò yóò pọ̀, ọwọ́ àwọn olóúnjẹ yóò dí, ibi ìsùn yóò sì wọ́n. Oṣù Òkúdù àti Agẹmọ ni mo fara mọ́: òjò ti mú kí ilá rúwé, ariwo kò sí, ẹ sì lè bá ìyá kan jókòó nídìí ọbẹ̀ títí tí yóò fi jinná. Ara àwọn ará ìlú yá sí àlejò tó ń béèrè ọ̀rọ̀, kò sì yà mí lẹ́nu, torí pé láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá síbẹ̀ láti kọ́ nípa ìlera ìgbèríko. Sòbìyà tí wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ Ìbàràpá nígbà kan rí ti di ìtàn. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ìrìn àjò rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ilé ìtura kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ìrọ̀rùn lè sùn ní Abẹ́òkúta kí ó sì gbéra ní àárọ̀. Kò sí òkè kankan tí ẹ ní láti gùn, nítorí náà àgbàlagbà lè lọ.

Iṣẹ́yìn: èlùbọ́ àti òfì

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń yan ìlú kan ṣoṣo, Iṣẹ́yìn ni. Òkè-Ògùn ló wà, Asẹ́yìn ni ọba rẹ̀, ọ̀nà Mọ́níyà sí Iṣẹ́yìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún ṣe, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65, sì ti dín wàhálà àtidé ibẹ̀ láti Ìbàdàn kù púpọ̀. Ohun tó mú mi gbé e ṣáájú ni pé iṣẹ́ aṣọ òkè kì í dúró de àsìkò. Òjò ìbáà rọ̀, oyẹ́ ìbáà fẹ́, ẹ óò gbọ́ ìró òfì láti agbo ilé dé agbo ilé.

Àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí òfì náà. Wọ́n á ta òwú gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ahunṣọ, ó lè gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé lọ, wọ́n á sì gbé òkúta lé ìpẹ̀kun rẹ̀ kí ó lè le. Bí aṣọ ti ń gùn sí i ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọmọdé tí ẹ bá mú lọ síbẹ̀ lè fi wákàtí kan wo òkúta yẹn nìkan. Aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ lọ, ríránpọ̀ ni wọ́n ń rán an pọ̀ kó tó di agbádá tàbí ìró. Ẹ béèrè sányán, tí òwú rẹ̀ ti ara kòkòrò wá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí yanrìn. Ẹ béèrè àlàárì tó pupa, àti ẹtù tó dúdú nínú aró. Òwú ilé iṣẹ́ ló pọ̀ jù lónìí, aṣọ tó ń kọ mànà ni ọjà Èkó sì ń fẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé sányán gidi ni òun ń tà fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ sì kọjá.

Ní ti oúnjẹ, ìlú èlùbọ́ ni gbogbo ìhà yẹn. Láti oṣù Ọ̀pẹ dé Èrèlé, nígbà tí oyẹ́ bá mú, ni ẹ óò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná láìjẹ́ kó jinná, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sá a sínú oòrùn, nígbà mìíràn lórí àpáta gbalasa. Àmàlà tí wọ́n bá fi èlùbọ́ tuntun rò, tí gbẹ̀gìrì àti ewédú wà lórí rẹ̀, tí ẹran ìgbẹ́ sì wà nínú ọbẹ̀ ata, kò ní jẹ́ kí ẹ tún fi ẹnu kan àmàlà ìlú ńlá fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má gbàgbé wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń ru wọ ọjà. Ẹ ra á ní àárọ̀, kí ẹ sì dín in kó tó di ọ̀sán.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ mẹ́nu ba ìkíni, torí pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò ju owó lọ. Ẹ má yọ fóònù sí ẹni tí ẹ kò tíì kí. Yorùbá ní ìkíni fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: «Àroko bọ́dún dé» fún àgbẹ̀, «Àrẹ̀dú» fún aláró, «Igbà á rọ̀» fún adẹ́mu, «Ajé á wọ igbá» fún ọlọ́jà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lò, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, yóò rí bí ojú àwọn àgbà ṣe ń tàn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, ẹ yà sí Adó-Àwáyè tí kò jìnnà síbẹ̀. Àtẹ̀gùn 369 ló gbé èèyàn gun òkè náà, lórí rẹ̀ ni adágún Ìyákẹ wà. Iye owó Iṣẹ́yìn wà láàárín, ibi ìsùn sì wà, torí pé ìlú ńlá ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ó jìn sí Èkó: ẹni tó fẹ́ lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan yóò kàn lo gbogbo ọjọ́ náà nínú ọkọ̀ ni.

Ìdànrè: kòkó àti òkè

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí òkè ni àwọn ará ìlú ń gbé tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Òkè náà sì ti wà nínú àwọn ibi tí Nàìjíríà forúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, láti ọdún 2007. Àtẹ̀gùn 660 ni ẹ óò gùn kí ẹ tó rí ààfin àtijọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án.

Òkè ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wò, wọn kì í wo oko, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkó ló kọ́ ìlú ìsàlẹ̀. Láti Ọ̀wàrà dé Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń já a jù. Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ tó gbà yín láyè, ẹ óò rí bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n tó sá a. Òórùn rẹ̀ nígbà náà kò jọ ti ṣokoléètì rárá. Ẹ tọ́ ara funfun tó bo hóró rẹ̀ wò, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń mu tíì kòkó láti kékeré kò tíì tọ́ ọ wò rí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò máa ń wà láàárín igi kòkó tó ṣì kéré, nítorí náà wọ́n pọ̀ nínú oúnjẹ ibẹ̀, iyán náà sì wà. Ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ tí wọn kò dé, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ibà Lassa tí eku ń tàn ká ti ń yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu.

Ó gbówó lórí ju Ìgbó-Ọrà àti Iṣẹ́yìn lọ láti Èkó. Ẹ lè sùn ní Àkúrẹ́, níbi tí ilé ìtura pọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ọdún ìbílẹ̀, kí ó béèrè ọdún Ọrósùn ní oṣù Èbìbí, àmọ́ kòkó kò ní pọ̀ lóko lásìkò náà. Ẹ kò lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkọ́gọ̀sì: iyán àti omi gbígbóná

Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Ìkọ́gọ̀sì-Èkìtì, wọ́n pàdé, wọ́n sì jùmọ̀ ń ṣàn lọ. Ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí kí ẹ ki èkejì bọ ìyẹn. Àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ló sọ ibẹ̀ di ibùdó ní àwọn ọdún 1950, ibi ìgbafẹ́ ló sì jẹ́ lónìí. Nínú ìlú márààrún, òun ni ìsinmi rẹ̀ rọrùn jù, òun náà ló sì lè wọ́n jù bí ẹ bá sùn sínú ọgbà omi náà.

Àríwísí mi ni pé ọgbà náà lè gba gbogbo ọjọ́ yín, kí ẹ padà sílé láìtíì rí Èkìtì. Ẹ jáde lọ sí ìlú. Iyán ni kí ẹ lépa, láti Ọ̀pẹ dé Igbe, tí iṣu abà bá ti gbẹ dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ rírò. Bí ó bá jẹ́ àsìkò iṣu tuntun, Agẹmọ tàbí Ògún, ẹ fi iyán sílẹ̀ kí ẹ jẹ ẹ́ ní sísè pẹ̀lú epo pupa. Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹmu ọ̀pẹ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ ní kùtùkùtù dùn bí oyin, ti ọ̀sán a máa kan, a sì máa pa ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà nítòsí, ìlú Agbọ́nbíòfẹ́, agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó sí ààfin Aláayè, ìṣàn omi Àríǹta náà sì wà ní Ìpólé-Ìlọrò.

Ọ̀fàdà: fún ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo

Ọ̀fàdà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ ó yà sí i láti Mòwé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìrẹsì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀: ìrẹsì tí wọn kò bó tán, tó ní òórùn tirẹ̀ torí pé wọ́n ti rẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi ewé eéran dì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata díndín, irú àti ẹran oríṣiríṣi. Òun ló rọ̀ jùlọ nínú owó. Àṣà tí ẹ óò rí kò pọ̀, kò sì sí ìdí láti sùn síbẹ̀. Ẹ ṣa òkúta inú ìrẹsì tí ẹ bá rà dáadáa.

Ta ni kó yan èwo?

Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bọ̀ wálé ní Kérésì, tó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rí iṣẹ́ ọwọ́, kí ó mú wọn lọ sí Iṣẹ́yìn fún ọjọ́ méjì. Èlùbọ́ wà lórí àpáta lásìkò náà, òfì sì ń ró. Bí àwọn ọmọ náà bá ti dàgbà tí ẹsẹ̀ wọn sì le, Ìdànrè lè rọ́pò rẹ̀, torí kòkó ń jáde, oyẹ́ kò sì ní jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n lójú àtẹ̀gùn. Kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ má ṣe torí ìlasa lọ sí Ìgbó-Ọrà ní Kérésì, ewé tútù kò wọ́pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tó ń mú òbí àgbà lọ ní àkókò òjò, Ìgbó-Ọrà ni kí ó yàn. Tọkọtaya tó fẹ́ sinmi, tí owó kò sì jẹ́ ìṣòro wọn, kí wọ́n lọ sí Ìkọ́gọ̀sì ní Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, kí wọ́n sì bẹ ará ìlú kan níṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ pé kí ó bá wọn wá adẹ́mu. Òṣìṣẹ́ Èkó tí Sátidé nìkan ṣí sílẹ̀ fún, Ọ̀fàdà ni tirẹ̀. Kí ó kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ó sì gbé kúlà kan dání fún ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí àwọn ará ilé yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá dé.